Ọwọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Jù sí Ọ̀sà
Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rísì, juwọ́ sójú ọ̀sà kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, orí sì ń fọ́ ọ. Èmi, òun àti màmá wa jókòó sétí omi ní Ẹ̀jìnrìn nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè, tó ń mì. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú omi.

“Àǹtí, ta lẹ ń juwọ́ sí?”

“Èmi kọ́ o!”

“Kẹ́nikẹ́ni má juwọ́ padà!” ni màmá wa pariwo, ó rò pé iwin inú omi ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi pè wá.

A sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀.

“Màmá, rọpárọsẹ̀ ni,” ni dókítà wí. “Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ. Òun ló fa gìrì tó ń mi ọwọ́ yẹn.”

Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá. Síbẹ̀, bó bá juwọ́ sí mi, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń juwọ́, kí n tó juwọ́ padà.