Ayaba Tí Kò Lè Jókòó

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi, òjò ti rọ̀ mọ́jú, òórùn ilẹ̀ pupa Kétu sì ti gba gbogbo ilé. Agbẹ̀bí ni Màmá ní ilé ìwòsàn ìlú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ibùsùn àwọn aboyún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jẹun, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé àga onígi bàbá mi sí àárín ilé, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ló bá fa aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú mi.

Mo fò sókè bí ẹni tí àkeekèé ta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ohun tí mo ń gbọ́ láti kékeré ni pé ọmọ tó bá mọ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. Èmi náà nìyí, ìyá tó bí mi wà nílẹ̀, èmi wà lórí àga! Mo bú sẹ́kún. Màmá ò dìde. Ó ní, "Jókòó. Bí o bá tún dìde, a óò tún un ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

Kí ẹ má baà rò pé orí ìyá mi dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ní ọdún tí mo fẹ́ jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Mẹ́tìrì, kọ eré kan fún àjọ̀dún ìparí ọdún. Èdè wa ló fi kọ ọ́, kì í ṣe Faransé, kí àwọn òbí tó ń bọ̀ láti abúlé Odomẹ̀ta àti Kpankú lè gbádùn rẹ̀. Ayaba kan ló ń dájọ́ nínú eré náà. Wọn yóò mú obìnrin arúgbó kan tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wá síwájú rẹ̀, arúgbó náà yóò kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ayaba yóò sì dá a láre. Mẹ́tìrì ní èmi ni kí n ṣe ayaba nítorí ohùn mi. Àwọn olùkọ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló rí ayaba tó dúdú bí ìdí ìkòkò rí, pé Fidẹliya, ọmọ pupa tó ń jókòó níwájú kíláàsì, ló yẹ. Etí mi gbọ́ ọ, ó sì dùn mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi kò ti balẹ̀ mọ́, torí mo fẹ́ ipa yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ibi tí wàhálà wà ni pé Tàǹtí Ṣadé ni wọ́n mú láti ṣe arúgbó. Àbíkẹ́yìn ìyá bàbá mi ni. Kíláàsì kan náà la jọ wà, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí i. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán eré náà wò, bó ṣe ń kúnlẹ̀ báyìí, eékún tèmi náà ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ayaba àti arúgbó wá ń wojú ara wọn nílẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ kíláàsì. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú bí Mẹ́tìrì. Ó ní, "Bí o bá tún kúnlẹ̀, Fidẹliya ni màá gbé e fún. Dàkọ́ọ̀?" Mo gbà, mo ní dàkọ́ọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára mi. Nígbà tí mo délé tí n kò lè jẹun, Màmá béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì ròyìn fún un. Ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ìgbà tó dé láàárọ̀ ló gbé àga yẹn sí àárín ilé.

A ṣe é títí omi ojú mi fi gbẹ. Ìgbàkígbà tí mo bá mira, yóò dìde, yóò tún kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, mo di ọwọ́ àga mú, mo sì jókòó. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́, láti ilẹ̀ níbẹ̀: "Ìkúnlẹ̀ rẹ, ọrẹ ni. Ìwọ lo ni ín, ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o fún. Má jẹ́ kí eékún rẹ máa dá lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "O ò tíì kí mi káàárọ̀ o." Wàràwàrà ni mo kúnlẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Tàǹtí Ṣadé, jókòó níwájú pátápátá. Kò sẹ́ni tó ti ṣàlàyé eré náà fún un. Tàǹtí Ṣadé wọlé, ó kúnlẹ̀. Mo di ọwọ́ àga mú. Ni Ìyá àgbà bá dìde dúró láàárín èrò. "Háà! Ìwọ ọmọ yìí! Àbúrò bàbá rẹ ló kúnlẹ̀ fún ọ tí o jókòó kalẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mẹ́tìrì káwọ́ lérí. Mo wá ojú Màmá, mo rí i lẹ́yìn. Kò mi orí, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò mí ni. Mo kọjú sí Tàǹtí Ṣadé, mo gbé ohùn sókè. "Dìde, ìyá. Ẹni tí kò jalè kì í fi eékún ṣàlàyé." Ìyá àgbà náà rọra jókòó, àfi bí ẹni pé òun ni mo dájọ́ fún. Nígbà tí eré parí, mo sáré lọ kúnlẹ̀ fún òun àti ọmọ rẹ̀, ó sì gbá mi lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ eré ni mo ń ṣe jẹun títí dòní, ní Kútọnu àti ní òdìkejì ibodè. Ẹ̀rù ọmọ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù, tí kò tó àbúrò mi, sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé bí mo bá fẹ́ ipa tó wà lọ́wọ́ òun, kí n kúnlẹ̀ bẹ òun gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ṣe. Mo fẹ́ ipa náà gan-an. Ó pẹ́ tí mo ti rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ní ìyá tó ń wò ó láàárín èrò. Èmi àgbà kò ní ẹnì kankan nínú yàrá yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé, mo pe Màmá lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n fún ọ?"

"Wọn ò fún mi, Màmá."

"Ṣé o kúnlẹ̀ fún un?"

"Mi ò kúnlẹ̀."

Ó ní ó dáa. Ìgbà náà ni mo wo ilẹ̀, mo rí i pé orí eékún ni mo wà, fóònù létí, bí mo ṣe máa ń wà nígbàkígbà tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀.