Ìbọn Tí Ọláwuyì Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ ìwòyí tàn yín jẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọdẹ Ìlá ń lò nídìí ìbọn ló níbi tó ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè iṣu, wọn a gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n lé orí òpó ní pápá tó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀rà, wọn a máa yìn ín níbọn. Ẹni tó bá bà á láàárín, tí omi rẹ̀ ń ṣàn, wọ́n á ní, "Ó mumi." Ẹni tó bá tàsé, wọ́n á ní ọta rẹ̀ lọ kí ará Ọ̀rà. Ẹni tó bá wá gbé ìbọn sójú, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìyìn ín, "Ó ṣe Ọláwuyì" ni. Kò sí èébú tó jù ú lọ.

Bẹ́ẹ̀ Ọláwuyì kì í ṣe ojo o. Àgbẹ̀ oníṣu tó lóbì lóko ni, ọdẹ pọ́ńbélé. Baba rẹ̀ ló jẹ Olórí Atamátàsé kó tó kú, àtikékeré ni Ọláwuyì sì ti ń wojú oyè náà. Ayé dùn nígbà yẹn. Òórùn ẹ̀tù a gba pápá kan, àwọn àgbà a jókòó síbòòji, ẹ̀fẹ̀ ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ń bọ̀. Títí ó fi darúgbó ni àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ ọ́.

Lọ́dún 1953, nínú ìdíje oyè náà, ó ku òun àti Ògúndélé, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ògúndélé yìnbọn, ó ba ìbẹ́pẹ létí. Bí Ọláwuyì bá ba tirẹ̀ láàárín, oyè baba rẹ̀ padà wálé. Ó gbé ìbọn sójú. Ó ku kó yìn ín ni ó rí gèlè funfun lẹ́yìn òpó, nínú ewé: Sàfúrátù, ìyàwó Ògúndélé, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ọláwuyì sọ ìbọn kalẹ̀. Kí ẹlòmíràn tó wo ọ̀hún, obìnrin náà ti wọgbó padà.

"Ọláwuyì, kí ló dé?" Olórí ọdẹ ló bi í.

"Òòyì ló kọ́ mi, bàbá."

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó bá ti sọ ìbọn kalẹ̀ ti pàdánù nìyẹn, wọ́n bá gbé fìlà oyè lé Ògúndélé lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbọn, wọ́n máa ń fi màrìwò dí gbogbo ọ̀nà tó wọ pápá, ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọdẹ tó bá gbàgbé, wọ́n á gba ìbọn rẹ̀ títí ayé. Ọ̀nà Ògúndélé ni Sàfúrátù gbà wọlé, kò sì sí màrìwò níbẹ̀ tí ì bá dá a dúró. Ìbọn nìkan ni Ògúndélé fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, Ọláwuyì yọ́ lọ so màrìwò náà fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Sàfúrátù wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ọ́."

"Ìyàwó, bó o bá sọ ọ́, kí ni ọkọ rẹ máa fi bọ́ yín?"

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣẹlẹ́yà. Ohùn Ògúndélé ló máa ń ròkè jù. Ọláwuyì a bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó dùn ún wọra.

Ọjọ́ kan lọ́dún 1959, Moríyọ̀ ọmọ Ògúndélé gbé òkúta, ó fẹ́ sọ máńgòrò, ó sì dáwọ́ dúró. Baba rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "O ṣe Ọláwuyì!"

Sàfúrátù ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá Moríyọ̀, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ yìí ló wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà." Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀.

Ògúndélé fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú fìlà oyè, ó forí lé ilé Ọláwuyì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Oyè rẹ rèé. Lọ́la ni mo máa sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n gba ìbọn mi."

Ọláwuyì wo fìlà baba rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ.

"Ṣé o ti ń lọ ilé ìwé?"

"Kíláàsì kìíní ni mo wà, bàbá."

Ó dá fìlà padà fún Ògúndélé. "Ìbọn tó o fẹ́ kí wọ́n gbà yẹn lọmọ yìí ń jẹ. Dé fìlà rẹ. Kó o ṣáà má fi orúkọ mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́."

Ògúndélé sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àwọn ọdẹ ò yé sọ "Ó ṣe Ọláwuyì" ní pápá, wọn ò sì yé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, Ògúndélé a ṣí fìlà oyè náà lórí, a dìde dúró, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nínú wọn.