Idà Tí Ìyá Fọ̀ Dè Mí

Òórùn kẹrosíìnì àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá kan ní Ìsọlọ̀, ọkàn mi sì ti dàrú kí n tó bọ́ bàtà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta idà àtijọ́ ní Japan, kí n tó padà wá sí Mafoluku. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní irú idà bẹ́ẹ̀ nílé, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá wò ó bóyá ògidì ni.

Opó ni ìyá yìí. Atukọ̀ ojú òkun ni ọkọ rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé arúgbó kan ní Japan ló fún òun ní idà náà, torí pé òun yọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú omi. Àwọn ọmọ ò gbà. Wọ́n ní ayédèrú ni, ọjà ni bàbá ti rà á, ìtàn ló ń pa. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú, ó sì ń dun ìyá wọn dọ́kàn. Ìdí tó fi pè mí nìyẹn. Lórí fóònù, mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n bá mi gbé e síta. Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Kí n tó dé, ìyá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé idà náà lé e. Ó ti fi kẹrosíìnì àti sáńpépà ha ojú rẹ̀. Ó ti yọ ìṣó ọparun tó di èèkù mú, ó bọ́ èèkù náà, ó sì fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ìdí irin tó wà nínú rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi ṣíbí tuntun. Ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ ọjọ́ orí idà, lára bí ìdógùn-ún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe dú tó, ibẹ̀ náà sì ni alágbẹ̀dẹ wọn máa ń fín orúkọ sí. A kì í fọwọ́ kàn án. Irin róbótó tó máa ń wà láàárín èèkù àti ojú idà nìkan ni kò tíì fọ̀. Wọ́n fín ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan sí i lára, ó sì gbó dáadáa, ṣùgbọ́n irin bẹ́ẹ̀ ṣeé fi sára idà èyíkéyìí.

Ó wò mí lójú. “Ṣé orijína ni, ọmọ mi, àbí àwọn ọmọ mi ló tọ̀nà?”

Mo bi í bóyá ó rí nǹkan kan lára ìdí irin náà kó tó fọ̀ ọ́. Ó ní òun rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan, òun rò pé ìdógùn-ún ló jẹ ẹ́, ibẹ̀ gan-an lòun sì tẹ̀ mọ́ jù. Orúkọ alágbẹ̀dẹ ló ṣeé ṣe kí ìlà wọ̀nyẹn jẹ́. Irọ́ tí mo lè fi tù ú nínú wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá gbé idà náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, irọ́ náà á di ti bàbá wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè sọ mọ́,” mo ní. “Ìdọ̀tí tí ẹ fọ̀ kúrò yẹn ni ẹ̀rí. Èmi ló yẹ kí n ti kìlọ̀ fún yín.”

Ó fi etí aṣọ funfun náà bo idà bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.

“Èmi ti gbà á gbọ́ tipẹ́,” ó ní. “Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi hàn.”

Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún ní ìyá yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Mi ò gbà. Ta ni nínú wa tí àlejò ń bọ̀ wá wo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí á gbé e síta tìdọ̀tí-tìdọ̀tí? Ilé tó ti gbẹ̀kọ́ ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tí kò mọ̀, tí mo wá ń ṣe bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ yẹn ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé irọ́ ni bàbá àwọn pa, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.