Ogójì Ìṣẹ́jú Lójú Òfurufú

Ohùn Oyin ni wọ́n ń pè é ní pápákọ̀ òfurufú kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́, torí òun ló máa ń kéde ìgbà tí bàálù fẹ́ gbéra. Ẹnu rẹ̀ dùn, irọ́ sì mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ wọn ò gbà kí wọ́n sọ fún èrò pé bàálù ò lọ mọ́, àfi tí ilẹ̀ bá ti ṣú pátápátá. "Ó máa tó gbéra, ẹ fara balẹ̀" ni kí wọ́n máa wí. Obìnrin yìí ti fi gbólóhùn yẹn dá ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó, kò sì dùn ún rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àìsàn ti ń bá ìyá wọn fínra ní ìlú kejì, àmọ́ ó ti wá di ọ̀rọ̀ ká tètè dé bá a láàyè.

"Màmá ní àwọn fẹ́ rí àwa méjèèjì. Mọ́tò fẹ́ gbéra ní gáréèjì. Wọ aṣọ, jẹ́ ká lọ."

Òkè ńlá kan ló dábùú ìlú méjèèjì. Bàálù á fò ó kọjá láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Mọ́tò á yí i po láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin àti mọ́tò! Kí ẹ tó dé ìdí òkè, màá ti wẹ Màmá, màá ti pààrọ̀ aṣọ wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kùrukùru ni ò jẹ́ kí bàálù gbéra. Ó bo gbogbo ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Ohùn Oyin jókòó lórí àga ike láàárín èrò, ó ń gbọ́ ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ìyá Ìbejì: "Ó máa tó gbéra, ẹ fara balẹ̀." Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó wọ yàrá ìkéde lọ.

"Ọ̀rẹ́, èmi ni mò ń bi ọ́ o. Ṣé ó ń lọ àbí kò lọ? Mọ́tò tó kẹ́yìn ń kó èrò lọ́wọ́ ní gáréèjì."

Ọ̀gá wọn dúró nítòsí. Ìyá Ìbejì ń fọwọ́ ra okùn ẹ̀rọ ìkéde.

"Ó máa tó gbéra, ọ̀rẹ́ mi. Fara balẹ̀."

Ohùn Oyin mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni ìbá mọ̀ ju òun lọ? Àmọ́ ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, ó sì rò pé ọ̀rẹ́ òun ò lè fi òun ṣe bíi ti èrò. Ó padà lọ jókòó. Mọ́tò tó kẹ́yìn lọ. Omi wá tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó gbé odó mì: ó dìde, ó jókòó, ó lọ síbi fèrèsé, ó ń bú ara rẹ̀ ní òmùgọ̀.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí òfurufú tó mọ́. Wọ́n ní kí èrò máa bọ̀. Ohùn Oyin ló síwájú ìlà, ó ń sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Fóònù rẹ̀ dún. Káfíńtà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti ń wọ bàálù! Ẹ sọ fún Màmá..."

"Látìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ń bèèrè ẹ. Mo ní o ti wà nínú bàálù. Wọ́n ní ká ṣí fèrèsé, káwọn lè gbọ́ ìró bàálù ẹ. A ṣí i, àbúrò mi. Ibẹ̀ ni wọ́n dẹ etí sí títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn."