Orúkọ Tí Mo Fi Fọ́tò Bò

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrà. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin tó ti ṣe tíṣà rí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń to gbogbo ìwé tí a bá gbé wá. Á pín ojú ewé sí yàrá yàrá: ọ̀rọ̀ ní yàrá tirẹ̀, àwòrán ní tirẹ̀, ọ̀kan kì í gun èkejì. Lójú mi, bíi rẹ́jísítà ilé ìwé ló rí. Èmi fẹ́ràn kí n tẹ́ àwọ̀ sílẹ̀, kí n ya òdòdó lé e, kí n tún gbé fọ́tò lé òdòdó.

Ọ̀gá mi a máa sọ pé, "Èyí tó bá wà lókè ló ń bo ti ìsàlẹ̀. Máa wo ohun tó o bò."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọkùnrin kan wá láti Fìdítì, pé ká bá òun ṣe ìwé ètò ìsìnkú ìyá òun. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá náà sínú bébà, ó fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí wọn, ṣíwájú. Mo to iṣẹ́ náà, ó dùn ún wò. Nígbà tó ku díẹ̀ ká tẹ̀ ẹ́, mo rí i pé fọ́tò ìyá kéré, mo fẹ̀ ẹ́ sí i, mi ò sì tún ka orúkọ mọ́. Fọ́tò ti gorí orúkọ àkọ́bí.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ọkùnrin náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà mú ìwé náà lọ́wọ́.

"Ṣé àbúrò mi kọ orúkọ mi fún yín?" ó bi mí jẹ́jẹ́. "Látìgbà tí mo ti gba ẹ̀sìn ọkọ mi ni wọ́n ti ń wò mí bí àlejò. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Bébà yẹn wà nínú àpótí tábìlì mi. Ọ̀gá mi ò sí nítòsí. Mo ní, "Ohun tí wọ́n fún wa la tẹ̀, mà."

Ọkùnrin náà wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ ọ́," ló sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ sí títì.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọjọ́ méjì. Mo wá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Ó ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sún fọ́tò sápá kan, orúkọ náà yọ ketekete.

"Àṣìṣe kọ́ ló dùn mí," ó ní. "Mú bébà yẹn, ká lọ."

Jọ́bẹ́lẹ̀ ni ilé ọkọ obìnrin náà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo na bébà sí i. Ó rí orúkọ rẹ̀ níwájú ti gbogbo wọn, pẹ̀lú ìkọ̀wé àbúrò rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"Dìde," ó ní. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọ ìyá mi nítorí tìrẹ. N ó lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí."

Mo gbọ́ pé wọ́n parí ìjà. Ọ̀gá mi ò lé mi. Nígbà tí èmi àti ọkùnrin náà pàdé lọ́jà Ìlọrà lẹ́yìn ìgbà náà, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Ilẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi dá a lóhùn.