Pákó Tí Mo Fi Orí Gbé Dúró

Kò sí ohun tí mo rí lójú fóònù tí mi ò lè ṣe. Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn. Téèyàn bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ló kù? Ìwà yìí ló jẹ́ kí n fi yunifásítì sílẹ̀ lọ́dún kejì, mo ní àwọn olùkọ́ ń falẹ̀ jù. Òun náà ló jẹ́ kí n parọ́ fún màmá mi.

Wọ́n pè mí láti Iléṣà lọ́jọ́ Àìkú kan.

"Kí lò ń ṣe ní Benin tó ò lọ sílé ìwé mọ́? Bọ̀ nílé, kó o wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi ń lọ ní ọjà Santana. Ilé mi sì ti dà bíi ti àwọn ará GRA. Mo ti kùn ún, mo ti kan pẹpẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í tiẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Tó bá rí bó o ṣe wí, màá fi ẹ́ sílẹ̀. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, a jọ ń lọ ni."

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, nínú ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò Oregbeni. Òjò ti ba ìdajì ògiri ẹ̀ jẹ́. Àwo mi wà nílẹ̀, bàtà mi wà nílẹ̀, aṣọ mi wà nínú báàgì bíi ti ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ti ọ̀rẹ́, kò sí. Àwọn tá a jọ wà ní yunifásítì ò pè mí mọ́. Èmi náà ò pè wọ́n, torí mo ti fọ́nnu fún wọn pé ọkọ̀ ni màá fi wá kí wọn. Ṣájà àti páwùṣì fóònù ni mò ń tà lábẹ́ agboòrùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ra ọ̀dà funfun, búrọ́ọ̀ṣì, òòlù, ìṣó àti pákó kan. Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ń gbé inú ọgbà wa, ará Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣó o ti ha ògiri yẹn kó o tó máa kùn ún?"

"Bàbá, ìyẹn ti lọ. Ọ̀dà òde òní ò nílò kéèyàn ha nǹkan kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dà òde òní, ògiri àtijọ́. Ó dáa. Tó o bá fẹ́ kan pákó, kó o pè mí. Èèyàn méjì ló ń kan pákó mọ́ ògiri. Ẹnì kan á gbé e, ẹnì kejì á kàn án."

"Èmi nìkan tó èèyàn méjì, Bàbá."

"Mo rí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá bi mí ní ìbéèrè.

Mi ò mọ ohun tí mo tì síta. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Bó o bá ń gbálẹ̀, wọ́n á kí ẹ. Bó o bá ń fọ abọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á kí ẹ. Ní Benin náà, wọ́n á ní, "Well done o!" Mò ń gbọ́ ọ níta. Àwọn tó ń kọjá ń kí ìyá arúgbó tó ni ilé bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, ìyá ń dáhùn. Wọ́n ń kí Bàbá nídìí pákó. Èmi wà nínú ilé, òógùn bò mí, ọ̀dà wà nínú irun mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo kí ara mi. Mo ní, "O kú iṣẹ́ o." Mo dáhùn pé, "Oo." Ojú tì mí, mo tan rédíò.

Ọ̀dà yẹn wú bí àkàrà inú epo. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣí.

Lọ́jọ́bọ̀ mo dé orí pákó. Nínú fídíò tí mo wò lórí fóònù, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń di pákó mú. Mi ò ka ìyẹn sí tẹ́lẹ̀. Mo gbé pákó sára ògiri, mo gbé ike omi tó dé ìdajì lé orí ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba. Mo fi iwájú orí mi ti pákó mọ́ ògiri, mo há ìṣó yòókù sẹ́nu, mo fi òòlù gbá ọ̀kan. Ìṣó wọlé pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe le!" Kò sẹ́ni tí mò ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo gbá èkejì, iyẹ̀pẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde. Ilé amọ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì ojú ẹ̀ kàn dà bí ẹni fi pọ́ńdà para ni. Kí n dá ọwọ́ dúró, mi ò dá a dúró. Mo fi ìṣó tó gùn jù ú lọ kàn án. Pákó dúró. Mo to àwo mẹ́rin sórí ẹ̀.

Ní Fúráìdè, mò ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ ni gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀ tògiri tògiri.

Ìyá onílé kígbe láti ìta: "Wetin fall for there?"

"Nothing, Mama!"

"Nothing dey break plate?"

Ihò tó wà lára ògiri tóbi tó orí èèyàn. Mo jókòó síwájú ẹ̀ títí búrẹ́dì fi gbẹ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo fi kàlẹ́ńdà bò ó.

Màmá mi dé ní Sátidé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ilẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ń dà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kàlẹ́ńdà, ó ti di òkìtì kékeré. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí kàlẹ́ńdà. Wọ́n tún gbé pákó tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n yí i wò. Ọ̀dà iwájú orí mi ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó rí roboto, irun wà nínú ẹ̀.

"Ta ló bá ẹ gbé e?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Èwo nínú wọn?"

Mo fọwọ́ bo iwájú orí mi.

Wọ́n gbé pákó yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "O kú iṣẹ́."

Mo kọjú sí fèrèsé.

Màmá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n lọ kí Bàbá káfíńtà níta, wọ́n sì mú wọn wá. Bàbá ki ìka bọ inú ihò yẹn. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní, "Ilé amọ̀ kì í gbé nǹkan kọ́rùn. Ẹsẹ̀ ni ká ṣe fún pẹpẹ yìí, kó dúró lórí ilẹ̀." Bàbá gé igi, màmá mi di ìdí kan mú, mo di ìkejì mú. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti dúró.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màmá mi nìkan ló wọkọ̀. Wọ́n ní kí n dúró, pé mo ti rí ẹni bá mi gbé pákó, àmọ́ kí n máa lọ kí Bàbá láràárọ̀.

Mò ń kí wọn. Tí mo bá ti ọjà dé, ilé ṣì máa ń dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gbé pẹpẹ yẹn sẹ́nu ọ̀nà, màá ṣílẹ̀kùn gbayawu, màá fi sáńpépà ha á. Ó ti dán tipẹ́. Màá ṣáà máa ha á lọ, títí ẹnì kan á fi kọjá, tá á ní, "O kú iṣẹ́ o."