Aláàmù Tí Wọ́n Fi Ìró Wé

Bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ nǹkan tó ń ké nínú ilé bí adìyẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtajà Vicarage Field dé, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀ lé ohùn náà dé yàrá àbúrò mi ọkùnrin. Nínú wọ́dúróòbù ló wà, lábẹ́ aṣọ.

"Kí ló ń ké?"

"Aláàmù yín yẹn ni, Àǹtí," ni ìyàwó àbúrò mi wí. Ọmọ wọn, tí kò tíì lè jókòó, wà ní èjìká rẹ̀. "Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ń dín ata. Ọmọ ò lè sùn. Mo bá fi ìró wé e, mo ní kó lọ fara balẹ̀ níbẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín.

Aláàmù yẹn kì í gbọ́ òórùn ata. Mo ti sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti Nàìjíríà dé ìlú òyìnbó níbí, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n bá wá. Mo tún sọ ọ́ nígbà tó bímọ. Èéfín gáàsì tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, ló ń ṣọ́ fún wa. Bọ́ílà tó ń mú ilé àti omi wa gbóná wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú yàrá tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, "Ẹ ṣé, Àǹtí" ló máa ń dá mi lóhùn, bí ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún.

Mo pa bọ́ílà. Mo ṣí fèrèsé. Mo lé wọn jáde síwájú ilé, mo fi kóòtù mi bo ọmọ, mo sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì ti gáàsì.

"Òtútù ni yóò pa wá," ni ìyàwó ń wí níta, "kì í ṣe gáàsì."

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo inú yàrá, ó dí ọ̀nà gáàsì tó lọ sínú bọ́ílà, ó sì lẹ pépà pupa mọ́ ọn: kí ẹnikẹ́ni má tàn án títí ẹni tó ní káàdì àṣẹ iṣẹ́ gáàsì yóò fi tún un ṣe.

Kí n tó bá àwọn wọ̀nyí gbé, èmi àti arábìnrin kan láti ìjọ wa jọ gba ilé kékeré kan lẹ́yìn ọjà East Street. Orí ń fọ́ wa, a ń bì. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó kọ orin kejì, orí á ti fúyẹ́. Bí a bá padà sílé, ó tún di ọ̀tun. Ta ni kò ní sọ pé ọ̀tá wà nínú ilé yẹn? A gbààwẹ̀. A ń ti fèrèsé pinpin kí ariwo àdúrà wa má baà dí aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn àgbà ìjọ wá, wọ́n ka sáàmù sí wa lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé àwa méjèèjì jáde. Èmi jí ní ọsibítù. Òun kò jí. Èéfín bọ́ílà ilé ìdáná ni. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ní gbogbo ìgbà tí a fi gbé ibẹ̀.

Onílé wa báyìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ka sáàmù yẹn. Mo pè é lórí fóònù.

"Wọ́n kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa lẹ pépà kiri ni," ni Bàbá wí. "N óò rán arákùnrin kan sí yín."

Òtútù wọlé. Ẹ̀rọ amúlégbóná oníná tí mo rà ń yan wá níwájú, ẹ̀yìn wa sì ń gan. Atẹ́gùn pápá Valence Park tó wà nítòsí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bí mo bá ń kọjá, ìyàwó á pòṣé. Àbúrò mi náà dara pọ̀ mọ́ ọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án fún alẹ́ yìí nìkan." Alẹ́ yìí nìkan! Bí ẹni pé èéfín náà máa ń bi èèyàn léèrè alẹ́ tó wù ú.

Arákùnrin náà dé, púlọ́ńbà ni. Ó rí pépà pupa, ó fà sẹ́yìn.

"Ha! Àǹtí, èmi kọ́ o. Omi ni mo ń ṣe. Síǹkì, ilé ìwẹ̀. Mo sì sọ fún Bàbá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n ṣáà wá, pé Ọlọ́run á fọ̀nà hàn mí."

Ó mu tíì wa, ó lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá fúnra rẹ̀ dé, ẹ̀wù funfun ìjọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ìyàwó sáré gbé àga. Bàbá kò jókòó. Ó lọ tààrà síbi kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kò ju kí n yí i lọ," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí pépà náà láti ya á.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Kò rọrùn láti sọ pé rárá fún ẹni tí èèyàn ń kúnlẹ̀ kí. Mo dìde, mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé e fún Bàbá.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ tàn án, sà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àti ọmọ jókòó tì í níbí, kí a ti fèrèsé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi á wà níta."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni àbúrò mi pariwo.

"Ṣé ẹ rántí arábìnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé, sà? Ẹ̀yin náà lẹ ka sáàmù sí wa lórí."

Ọmọ di irùngbọ̀n Bàbá mú.

"Ẹnu rẹ ti mú jù, arábìnrin," ló wí níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pépà náà mọ́. Ó gbé ọmọ sí apá kan, ó sì fi ọwọ́ kejì wá fóònù rẹ̀ nínú àpò.

Obìnrin ni oníṣẹ́ gáàsì tí Bàbá pè. Ó fi káàdì rẹ̀ hàn kí n tó béèrè. Páìpù tó yẹ kó máa gbé èéfín jáde síta ti yọ lójú oríkèé, níbi tí ẹnì kan ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè kan pákó ìkẹ́rùsí. Ó wo ibẹ̀, ó wo ibùsùn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní bọ́ílà yìí kò ní tàn mọ́ láé. Tuntun ni wọ́n gbé sí ilé ìdáná, páìpù rẹ̀ gba ara ògiri jáde tààrà. Bàbá ráhùn títí iṣẹ́ fi parí. Ní ọjọ́ Sunday, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Àwọn akọrin ló máa ń wò bó bá ń dá mi lóhùn.

Ìyàwó kò bẹ̀ mí. Ó ní tuntun kò gbóná tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n aláàmù ti kúrò nínú wọ́dúróòbù, ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọmọ. Lọ́jọ́ kan mo gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, mo rí ìyàwó tó ń tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dán an wò. Ó ké tòò. Ọmọ fi igbe ta.

"Wàhálà Àǹtí," ló wí, ó pòṣé, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.